Dídá àfòpiná mọ̀ àti fífún un lórúkọ ní ìwọ̀-oòrùn Kogí

Àfòpiná ni Yorùbá ń pe labalábá òru tó máa ń fò lọ sídìí iná. Inú ẹ̀yà kòkòrò tí à ń pè ní Lepidoptera ni òun àti labalábá ọ̀sán wà. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó dà bí ìyẹ̀fun ló bo ìyẹ́ àwọn méjèèjì. Ìwo orí ló máa ń tètè yà wọ́n sọ́tọ̀: ti labalábá ọ̀sán ní kókó ní ṣóńṣó, ti àfòpiná sì rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí bí ìyẹ́ adìẹ. Ní Kàbà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti àwọn abà tó yí wọn ká, ìgbà òjò ni wọ́n máa ń pọ̀, pàápàá ní alẹ́ tí òṣùpá ò yọ tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́.

Aṣọ àti iná

Aṣọ funfun tó gùn ní mítà 2 la máa ń ta sórí okùn láàárín igi méjì. A ó jẹ́ kí nǹkan bí 30 cm ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àfòpiná kì í bà sára aṣọ. Ìdí koríko ni wọ́n ń bà sí. Gílóòbù tó ń tan ìtànṣán ultraviolet, ìyẹn ìtànṣán tí ojú ènìyàn kì í rí, ló ń pè wọ́n jù; èyí tí iná rẹ̀ pọ́n kì í pè wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ká ṣọ́ aṣọ náà láti agogo 7 alẹ́ títí di òru, nítorí irú tó ń tètè wá kọ́ ló ń wá lóru. A kì í ta á mọ́ ara ògiri, kí ọmọnílé má baà jẹ wọ́n tán.

Iná yìí tún ń pe Paederus, kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ tó pupa tó sì dúdú. Bí ó bá bà síni lọ́rùn, ká fẹ́ ẹ dànù ni; bí a bá tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ ara, oró inú rẹ̀ á bó ni láwọ̀.

Fọ́tò mẹ́ta la nílò, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ̀yìn lápapọ̀, ìwo orí, àti ìyẹ́ ẹ̀yìn. Ìyẹ́ ẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ iwájú ló bò ó mọ́lẹ̀ bí kòkòrò náà bá ti bà.

Àfòpiná oko àgbàdo

Èyí tó yẹ kí àgbẹ̀ dá mọ̀ jù ni Spodoptera frugiperda, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Áfíríkà ní ọdún 2016. Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì jẹ́ nǹkan bí 32 sí 40 mm. Akọ ní àmì funfun ní igun ìyẹ́ iwájú. Ti abo ṣókùnkùn lásán. Ìyẹ́ ẹ̀yìn àwọn méjèèjì funfun, ó ń dán bí fàdákà, etí rẹ̀ sì dúdú díẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí: ìpẹ́ tó ti bó máa ń pa àmì funfun náà rẹ́, Spodoptera littoralis àti S. exempta sì jọ abo rẹ̀ púpọ̀. Pàkúté olóòórùn, èyí tó ń fi òórùn bí ti abo pe akọ, pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí àfòpiná mìíràn, Leucania loreyi, máa ń kó sínú rẹ̀.

Ìdin rẹ̀ ló rọrùn jù láti dá mọ̀. Ilà funfun kan wà níwájú orí rẹ̀ tó rí bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò, tóótòòtó dúdú mẹ́rin sì to ara wọn ní igun mẹ́rin lórí oríkèé kẹjọ ikùn. Bí iyèméjì bá wà, ká sìn ín: ìdin kan sínú ife kan, torí wọ́n máa ń jẹ ara wọn, ewé àgbàdo tútù lójoojúmọ́, erùpẹ̀ tó nípọn tó 3 sí 5 cm tí yóò wọ̀ lọ nígbà tó bá dàgbà. Àfòpiná tó bá jáde níbẹ̀ ti ní ẹlẹ́rìí.

Fún èyí tí a mú nídìí iná, ikùn la máa ń gé. A ó fi í sínú potassium hydroxide 10%, kẹ́míkà tó ń yọ́ ẹran ara, mọ́jú, tàbí kí a gbé ìgò rẹ̀ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹran ara á yọ́ kọjá ààlà, ẹ̀yà tí à ń wá á sì tú ká. Ká wọ ìbọ̀wọ́, nítorí kẹ́míkà yìí ń jó awọ. Lẹ́yìn náà ni a ó fọ̀ ọ́, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá ìpẹ́ kúrò, a ó sì wo ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Àwọn ńlá

Agrius convolvuli ní ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Ìdin rẹ̀ ń jẹ ewé ọ̀dùnkún. Acherontia atropos ní àwòrán bí agbárí lẹ́yìn, ó máa ń wọnú ilé oyin lọ mu oyin, ó sì ń han bí a bá fọwọ́ kàn án.

Orúkọ

Orúkọ Yorùbá sábà máa ń tẹ̀ lé ohun tí a ń fi kòkòrò ṣe. Kanni ni ìdin Cirina forda tí wọ́n ń kó lórí igi èmì fún jíjẹ. Orúkọ ìmọ̀ ẹ̀dá ní tirẹ̀ ń bá kòkòrò láti ẹyin dé ìyẹ́. Ìwé Linnaeus, onímọ̀ ẹ̀dá ará Sweden, ti ọdún 1758 la fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí orúkọ ẹni tó sọ ọ́ bá wà nínú àkámọ́, bíi Spodoptera frugiperda (Smith, 1797), ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbé e kúrò nínú ìdílé (genus, èyí tí orúkọ àkọ́kọ́ ń sọ) tó kọ́kọ́ wà. Phalaena ni Smith pè é.

Bí ẹ̀rí ò bá kọjá ìdílé, Spodoptera sp. ni ká kọ. Àbá tí áàpù bá dá láti inú fọ́tò kan ṣoṣo kò tó láti kọ orúkọ kejì, èyí tó ń sọ irú kòkòrò náà gan-an. Ká kọ ọjọ́, wákàtí, ìlú àti irú iná tí a lò sí ara ìwé pélébé tí a gún mọ́ abẹ́ kòkòrò náà, pẹ̀lú pẹ́ńsù, nítorí ọtí tí a fi ń tọ́jú wọn máa ń fọ bàírò kúrò.