Leitmotif: orin tí kò jẹ́ kí Casablanca gbó

Bí ẹnì kan bá wọ agbo àríyá, tí onígángan sì fi ìlù kì í, orí rẹ̀ á ti wú kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni leitmotif ń ṣe nínú fíìmù. Orin kúkúrú kan ni, tí wọ́n so mọ́ ènìyàn kan, ìlú kan tàbí ìfẹ́ kan, tí wọ́n á sì máa mú padà wá bí ìtàn ṣe ń lọ. Ó lè yá níbí, kó falẹ̀ lọ́hùn-ún. Dùùrù lè gbé e, fayolíìnì náà lè gbé e, òǹwòran á ṣáà dá a mọ̀. Wagner ará Jámánì ló sọ ọ̀nà yìí di gbajúmọ̀ nínú àwọn eré olórin rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Hollywood gbà á lọ́wọ́ àwọn olórin bíi tirẹ̀.

N kò mọ fíìmù tó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ju Casablanca lọ, èyí tí Michael Curtiz darí ní 1942. Rick, tí Humphrey Bogart ṣe, ní ilé ọtí kan ní Mòrókò, níbi tí àwọn tó ń sá fún Hitler ti ń wá ìwé ìrìnnà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Ilsa, obìnrin tó fi í sílẹ̀ ní Paris, bá ọkọ rẹ̀ wọlé. Laszlo ni ọkọ yìí ń jẹ́, àwọn Násì sì ń lépa rẹ̀.

Ilsa pe Sam olórin, ó ní kó kọ “As Time Goes By” nítorí ayé àtijọ́. Sam díbọ́n pé òun ti gbàgbé rẹ̀. Ilsa fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Nígbà tí Sam gbà tó ń kọ ọ́, kámẹ́rà kò kúrò lójú Ingrid Bergman tó ṣe Ilsa. Kò sọ̀rọ̀, omi ń dán lójú rẹ̀. (Ìlù ni Dooley Wilson tó ṣe Sam mọ̀ ọ́n lù, ẹlòmíràn ló tẹ dùùrù yẹn.) Rick sáré dé tìbínú-tìbínú, torí ó ti kìlọ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ orin yẹn mọ́. Ó gbójú sókè, ó rí Ilsa. Títí di ìgbà yẹn, àwọn olórin ilé ọtí náà ló ni ọ̀pọ̀ orin tí à ń gbọ́. Láti ibẹ̀ lọ, orin Sam bọ́ sọ́wọ́ àwọn olórin tí a kò rí, ó sì di ìrántí Rick àti Ilsa. Ó ń tẹ̀ lé wọn nígbà tí ìtàn padà sí Paris. Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, tí Rick ń rán Ilsa tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀, ó tún dé. Ẹnu Rick ń sọ ti ogun àti ojúṣe, orin ń sọ pé ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹkún ti ń gbọ̀n mí.

Max Steiner, ọmọ Vienna tó to orin fíìmù náà, kò kọ́kọ́ fẹ́ orin yìí. Herman Hupfeld ló ti kọ ọ́ láti 1931, Steiner sì fẹ́ fi tirẹ̀ rọ́pò. Wọ́n ní irun Bergman tí wọ́n ti gé fún fíìmù mìíràn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè tún ìran tí Sam ti kọ ọ́ yà. Mo dúpẹ́ fún irun yẹn. Orin tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló yẹ olólùfẹ́ méjì tó ń rántí àná.

Orin kejì tún wà: La Marseillaise, orin orílẹ̀-èdè Faransé. Àwọn ọ̀gá ológun Jámánì ń kọ orin ilẹ̀ wọn kan nínú ilé ọtí. Laszlo ní kí àwọn olórin kọ La Marseillaise. Wọ́n wo ojú Rick. Rick mi orí pé kí wọ́n kọ ọ́. Gbogbo ilé dìde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ níbẹ̀ ló jẹ́ ẹni tó sá kúrò ní Yúróòpù lóòótọ́. Òṣèré Madeleine Lebeau, tí omijé bo ojú rẹ̀, ti sá kúrò ní Faransé ní 1940.

Orin kan fún ìfẹ́, èkejì fún orílẹ̀-èdè. Orí ìjà àwọn méjèèjì yìí ni fíìmù náà dúró lé. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú bá ti gbé Ilsa lọ, tí Rick àti Renault ọlọ́pàá jọ ń rìn lọ nínú kùrukùru, kì í ṣe orin Paris ni wọ́n fi parí rẹ̀. La Marseillaise ni, ó sì dún kíkankíkan.