Bí wọ́n ṣe ń ṣa ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé jù lọ

Ó pẹ́ tí àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti ní ọ̀nà tiwọn fún ọmọ tó mọ̀wé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: wọ́n á ní kó fo kíláàsì. Tíṣà á rí i pé ọmọ kan ti parí ìṣirò kí àwọn yòókù tó da ìbéèrè kọ tán, á sọ fún ọ̀gá, ọmọ á sì ti kíláàsì kẹta bọ́ sí ìkarùn-ún. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ náà ní iṣẹ́ kíláàsì kẹrin tó fò.

Àmọ́ ọmọ tó ti wọ ilé ìwé nìkan ni tíṣà lè rí. Kó tó di oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, owó ni asẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn kò rówó san, oko ni wọ́n ń bá wọn lọ, bó ti wù kí ọpọlọ wọn pé tó. Nígbà tí Adékúnlé Ajáṣin di gómìnà ní 1979, ti girama náà di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn ọpọlọ kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn olóye. Ní Paris, lọ́dún 1905, Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe é kí wọ́n lè mọ ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń nira fún, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Lewis Terman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stanford, ló yí i síbòmíràn ní Amẹ́ríkà. Láti 1921, ó ní kí àwọn tíṣà dárúkọ ọmọ tó mọ̀wé jù àti èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú kíláàsì, ó dán wọn wò, ó sì kó àwọn tó lé ní 1,500 jọ. William Shockley àti Luis Alvarez ṣe ìdánwò náà, máàkì wọn kò tó. Àwọn méjèèjì ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì lẹ́yìn náà, ní 1956 àti 1968. Kò sí ìkankan nínú àwọn tí Terman mú tó gbà á.

Ní Nàìjíríà, ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1977 fi àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn pé jù lọ sábẹ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe, orí kan náà pẹ̀lú àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ilé ìwé tí ìjọba àpapọ̀ wá dá sílẹ̀ fún wọn wà ní Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger, NECO ló sì ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé rẹ̀. Ẹni tó bá yege láti Àkúrẹ́ á di ọmọ ilé gbígbé lọ́nà jíjìn. Kì í ṣe gbogbo òbí ló máa gbà.

Ọ̀nà kan wà tí kò gba kí ọmọ kúrò nílé: kí ọmọ kíláàsì kẹta máa bá ìkarùn-ún jókòó fún ìṣirò nìkan, kó padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìyókù. Ohun tó ń dá a dúró ni táìmù-tébù, nítorí ìṣirò kíláàsì méjèèjì gbọ́dọ̀ bọ́ sí wákàtí kan náà.