Ẹ Béèrè Ibi Tí Àbùkù Díámọ́ǹdì Wà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú àwòrán díámọ́ǹdì lórí fóònù. Wọ́n ti fẹ àwòrán náà títí ó fi kún ojú fóònù, wọ́n wá ń nàka sí àmì dúdú tíntín kan nínú rẹ̀. "Bàbá, ẹ wo nǹkan yìí! Mi ò lè fi eléyìí fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Ẹ gbọ́ ná. Díámọ́ǹdì róbótó tó wọn káràtì kan, gíráàmù 0.2 péré ni, ojú rẹ̀ ò sì fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 6.5 lọ. Fóònù yín ti sọ ọ́ di àwo ìjẹun. Ta ló máa gbé ojú sún mọ́ ọwọ́ ìyàwó yín tó bẹ́ẹ̀?

Gbogbo yín lẹ ń béèrè VVS, ọ̀kan lára àwọn lẹ́tà ìpele tó ń sọ bí àbùkù inú díámọ́ǹdì ṣe hàn tó. Lúùpù, awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10, ni wọ́n fi ń pín díámọ́ǹdì sí ìpele. VVS túmọ̀ sí pé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gan-an á fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí àbùkù rẹ̀ pẹ̀lú lúùpù. VS ló tẹ̀ lé e, àbùkù tirẹ̀ náà kéré. Ti SI, lúùpù á rí i kíákíá, àmọ́ ojú lásán kì í sábà rí nǹkan kan nínú SI1. SI2 ló ń yàtọ̀ láti òkúta dé òkúta. Tó bá ti di I, ojú yín ló máa sọ fún yín.

Àmọ́ lẹ́tà ìpele ò sọ ibi tí àbùkù wà, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú SI2 méjì. Ọ̀kan ní hóró dúdú láàárín gbùngbùn, lábẹ́ ojú òkè. Àwọn ojú tí wọ́n gé sí abẹ́ òkúta ń ṣiṣẹ́ bíi dígí, wọ́n á máa tún hóró kan yẹn yọ lọ́tùn-ún lósì títí á fi dà bíi mẹ́rin, márùn-ún. Èkejì ní ìlà funfun létí. Èmi á fi èékánná òrùka tó ń di òkúta mú bò ó, ó parí. Ìpele kan náà ni o! Ìwé ẹ̀rí tó kún láti ọ̀dọ̀ GIA, àjọ tó ń yẹ díámọ́ǹdì wò tó sì ń fún un ní ìpele, ní àwòrán tó ń tọ́ka sí ibi tí àbùkù kọ̀ọ̀kan wà, síbẹ̀ n kò tíì rí oníbàárà tó ṣí i wò kó tó sanwó.

Bí wọ́n ṣe gé e náà ṣe pàtàkì. Róbótó tó ní ojú 57 tàbí 58 ń tan ìmọ́lẹ̀ káàkiri, ó ń bo àṣírí. Onígun gígùn tí wọ́n gé ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn dà bíi fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. VS ni kí ẹ máa wá níbẹ̀. Ẹ má sì wò ó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ò ti ta á, kí ẹ mú un jìnnà sójú tó bí ẹ ṣe ń mú Bíbélì tàbí Kùránì. Ohun tí ẹ ò bá rí níbẹ̀, ẹ má sanwó láti yọ ọ́ kúrò.

Àwọn kan ní àbùkù òkúta ń kó àbùkù bá ìgbéyàwó. Mo ti rí ìyá ìyàwó tó dá òrùka padà nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn mí. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta ti mú àmì yẹn wá, òun la sì fi ń dá òkúta yín mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ fi òòlù lù ú, pé ojúlówó kì í fọ́. Irọ́ ni! Díámọ́ǹdì le, àmọ́ ó ń là. Díámọ́ǹdì ńlá tí wọ́n ń pè ní Cullinan, tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ South Africa lọ́dún 1905, tó wọn káràtì 3,106, abẹ irin ni wọ́n gbé lé e tí wọ́n sì lù ú tó fi là ní Amsterdam lọ́dún 1908.

Àbùkù tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́. Àwọn kan ń da gíláàsì sínú òkúta tó ti sán, ìlà náà á sì pòórá lójú. GIA kì í fún irú rẹ̀ níwèé ìpele.

Obìnrin kan gbé òrùka tí ọkọ rẹ̀ rà lókè òkun wá bá mi. Ó ti há mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ kejì. Mo gé e, mo fi wúrà kún un, mo fi iná gáàsì jó o pọ̀. Nígbà tó tutù, ìlà funfun kan ti la òkúta náà já láti etí dé etí. Ó pariwo pé mo ti pààrọ̀ òkúta òun. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó pè mí lólè rí. Mo ní kó jókòó, mo fún un ní lúùpù, mo fi gíláàsì tó ti yọ́ jáde létí ìlà náà hàn án. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ọkọ òun mọ̀.

N kò rí ìdáhùn fún un. Láti ọjọ́ náà, kí n tó tan iná, èmi àti olóòrùka á jọ yí òkúta náà sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ lúùpù. Tí àwọ̀ elésè àlùkò tàbí àwọ̀ ọsàn bá kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kan, gíláàsì ló wà níbẹ̀, n kò ní fi iná kàn án.