Bí Eku Tí Wọ́n Fi Jíìnì Àjèjì Sí Lára Ṣe Ń Tú Àṣírí Àtọ̀gbẹ Irú Kìíní

Bí wọ́n bá dárúkọ àtọ̀gbẹ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀ẹ́, àìsàn àgbàlagbà ló sábà máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, ìyẹn irú kejì, èyí tó wọ́pọ̀ jù. Irú kìíní yàtọ̀ sí i. Ó sábà máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, ohun tó sì ń fà á ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí wọ́n máa gbógun ti kòkòrò àrùn nínú ara kọjú sí ara fúnra rẹ̀, wọ́n ń pa sẹ́ẹ̀lì béta inú páńkíríà, tó ń ṣe ínsúlìn, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí aláìsàn bá fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, iṣẹ́ ibi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kò sì sí ẹni tó lè máa gé lára páńkíríà ọmọ ènìyàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń lo eku.

Eku tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni NOD, tí ìròyìn rẹ̀ jáde láti Japan ní 1980. Kò sẹ́ni tó fi jíìnì (ìtọ́ni àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) àjèjì sí i lára. Àtọ̀gbẹ ń mú un fúnra rẹ̀. Bí ó bá fi pé 30 ọ̀sẹ̀, nǹkan bí 60 sí 80 nínú 100 abo ti ní àrùn náà, ti akọ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Nínú àgò tó mọ́ tónítóní ló ti ń mú wọn jù, èyí tí kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni máa tọ́ ọmọ sínú ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n jíìnì tó lọ́wọ́ sí àrùn NOD pọ̀ débi pé ó ṣòro láti mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Láti ya ọ̀kan sọ́tọ̀, wọ́n máa ń mú ẹyin eku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àtọ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ dígí tín-ín-rín fi DNA, ìyẹn èròjà tó gbé jíìnì náà, sínú rẹ̀, wọ́n á sì gbé e sínú abo mìíràn tí ara rẹ̀ ti múra fún oyún. Lẹ́yìn nǹkan bí 20 ọjọ́ tí ó bá bímọ, wọ́n á gé díẹ̀ lára ìrù ọmọ kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá jíìnì náà dúró. Díẹ̀ nínú wọn ni ó máa ń dúró sí lára. Jíìnì nìkan kò sì tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ so ó mọ́ apá DNA tó ń pàṣẹ ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n sábà máa ń mú láti ara jíìnì ínsúlìn èkúté ńlá, kí ó lè jẹ́ pé nínú sẹ́ẹ̀lì béta ló ti máa ṣiṣẹ́.

Ní 1991, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì lo ọgbọ́n yìí láti mú kí sẹ́ẹ̀lì béta eku máa ṣe purotéènì kan tó jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì eku kan tí wọ́n ń pè ní LCMV. Ó yani lẹ́nu pé kò sí ohun tó ṣe eku náà. Sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn, tó lè dá purotéènì yìí mọ̀ wà lára wọn, ṣùgbọ́n wọn kò bá a jà, bí aṣọ́bodè ní Ìgòlò ṣe lè máa wo ọkọ̀ kan kọjá lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ tí àṣẹ bá dé pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kó dá dúró. Àṣẹ náà dé nígbà tí wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì náà gan-an sí wọn lára: sẹ́ẹ̀lì T jí, wọ́n gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, wọ́n sì kọjá sí páńkíríà. Nínú àwọn ìran eku kan, àtọ̀gbẹ dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú àwọn tí purotéènì náà ti hàn ní táímọ́ọ̀sì pẹ̀lú, níbi tí sẹ́ẹ̀lì T ti ń dàgbà, ó gba oṣù púpọ̀.

Eku BDC2.5, tí wọ́n ròyìn ní 1993, gba ọ̀nà mìíràn: sẹ́ẹ̀lì T ni wọ́n yí padà, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi dojú kọ sẹ́ẹ̀lì béta. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T náà ya wọ inú páńkíríà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú eku náà kò ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí wọ́n gbé jíìnì kan náà sínú eku tí kò lè ṣe irú sẹ́ẹ̀lì T mìíràn, àrùn dé kíákíá. Ó hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń di àwọn ajagun wọ̀nyí lọ́wọ́ mú, èyí sì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ohun tó wo eku sàn kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ènìyàn. Síbẹ̀, ọ̀kan so èso: ní 1994, wọ́n ròyìn láti Faransé pé abẹ́rẹ́ tó ń so mọ́ CD3, purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì T, mú kí àtọ̀gbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára NOD lọ. Oògùn teplizumab, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2022 fún ẹni ọdún 8 sókè tí àrùn náà ti ń bọ̀ lọ́nà fún. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi dán an wò, ó sún ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà síwájú ní nǹkan bí ọdún méjì.