Táyà Kọ́ Ló Ń Gbé Ilé Dúró

Ọsàn kan bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé nílé àǹtí kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìlú Houston ní Texas. Kò sẹ́ni tó ta á nípàá, àmọ́ ó ń yí lọ láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, ó gba abẹ́ tábìlì kọjá, ó di ìdí fíríìjì kó tó dúró. Ilé ọ̀hún, tí wọ́n kọ́ parí ní ilé iṣẹ́, tí tírélà sì wọ́ wá, kò tíì pé ọdún méjì. Ilẹ̀kùn yàrá kan ti ń há, èjìká ni wọ́n fi ń tì í. Àǹtí ní, "Ṣé ẹ rí i pé àwọn tó kọ́ ilé yìí rẹ́ mi jẹ?" Mo dojú bolẹ̀ níta, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ilé. Òjò ti dá láti ọjọ́ mẹ́ta, omi ṣì wà níbẹ̀ tó ń dán. Òpó búlọ́ọ̀kù kan ti rì sínú ẹrẹ̀ débi pé ìka mi wọ àárín òun àti irin tó yẹ kó gbé dúró.

Àwọn tó kọ́ ilé kò jẹ̀bi. Ilẹ̀ tí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ni kò sẹ́ni tó tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó fẹ́ ra irú ilé yìí, tí wọ́n ń pè ní manufactured home: "Ilé tó ní táyà, kí ló fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ṣe? Ẹ gé koríko, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí wọ́n gbé e kalẹ̀." Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá yé mi. Ẹni tó bá ti kọ́lé ní Ìkòròdú tàbí Ìbàdàn, ohun tó mọ̀ sí ìpìlẹ̀ ni kòtò tí wọ́n gbẹ́, àti kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù tí owó ń bá lọ. Tó bá wá rí odindi ilé tó ń rìn ní títì, ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé ọkọ̀ ni, ibi tó bá wù ú ló lè páàkì sí.

Táyà yẹn, ìrìn àjò nìkan ló wà fún. Bí ilé bá ti gúnlẹ̀, jáàkì ni wọ́n fi ń gbé e sókè, wọ́n á to òpó búlọ́ọ̀kù sábẹ́ àwọn irin gbọọrọ tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n á wá rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lé wọn lórí. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á tú táyà kúrò pátápátá. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan nìkan ni ìwúwo ilé ti ń tẹ ilẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé búlọ́ọ̀kù yí ilé ká, gbogbo rẹ̀ ló jọ ń pín ẹrù náà gbé. Òpó kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀kan bá rì ní ìlàjì íǹṣì, tí èyí tó tẹ̀ lé e kò rì, irin á tẹ̀, férémù ilẹ̀kùn á wọ́, wíńdò á há. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé irú ilé yìí gan-an ló yẹ kéèyàn tọ́jú ilẹ̀ fún.

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1976 ni òfin HUD, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, ti ń darí bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ilé yìí. Ní 2007, ìjọba tún gbé ìlànà jáde lórí bí wọ́n ṣe máa gbé wọn kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí ohun tí ìlànà yẹn sọ nípa omi: ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dà síta kúrò lára ilé, ìlàjì íǹṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, títí dé ẹsẹ̀ bàtà 10. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ bàtà 10 jìnnà sí ilé, ibi tí ẹ dúró sí gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 5 rẹlẹ̀ ju ìdí ilé lọ. Nílé àǹtí, òdìkejì rẹ̀ ni: àgbàlá ló ga, abẹ́ ilé ló lọ sísàlẹ̀. Òrùlé kò ní gọ́tà, gbogbo omi tó bá ṣàn láti orí rẹ̀, abẹ́ ilé ló ń gbà lọ.

Omi tó bá dúró síbẹ̀ ń sọ ilẹ̀ di rírọ̀, ọ̀rinrin rẹ̀ sì ń gòkè wọ pákó tí ẹ ń tẹ̀ nínú ilé títí á fi wú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá máa fi nǹkan yí ìsàlẹ̀ ilé ká, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sórí ilẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju 6 mil lọ (mil kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì), níbi tí méjì bá sì ti pàdé, kí ọ̀kan fi íǹṣì 12 gun èkejì.

Ilẹ̀ agbègbè Houston wá fi kún wàhálà ọ̀hún. Amọ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà ni, àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní gumbo. Tí òjò bá rọ̀, á wú. Tí oòrùn oṣù Kẹjọ bá mú un, á súnkì, á sán débi tí ọwọ́ èèyàn lè wọ inú rẹ̀. Tí omi bá ń wọ ẹ̀gbẹ́ kan ilé, tí ẹ̀gbẹ́ kejì gbẹ, ibì kan á máa ti òpó sókè, ibì kejì á máa fà á wálẹ̀. Kí ni òkúta wẹ́wẹ́ orí ilẹ̀ fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Gígé koríko náà kò tó. Níbi tí òpó bá máa dúró sí, híhú ni wọ́n ń hu koríko, gbòǹgbò àti èérún igi, torí ohun tó bá jẹrà lábẹ́ ilẹ̀ á fi ihò sílẹ̀, ikán á sì rí oúnjẹ. Mo ti rí ẹni tó gé igi, tó fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀, tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá kó wá dà pàápàá, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ gún un ní ìpele-ìpele kó le. Nílé ní Nàìjíríà, a máa ń jẹ́ kí òjò rọ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ tí a fi dí ìpìlẹ̀ kó tó di pé a da kọnkéré lé e. Ọgbọ́n tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹlòmíì á ní ilé náà fúyẹ́, kò lè rì. Fífúyẹ́ yẹn gan-an ni ìjì fẹ́. Lẹ́yìn tí ìjì Andrew ba gúúsù Florida jẹ́ lóṣù Kẹjọ ọdún 1992, ìjọba mú òfin le sí i ní 1994 kí irú ilé yìí lè kojú atẹ́gùn, pàápàá létí òkun. Irin ìdákọ̀ró tí wọ́n ń yí wọnú ilẹ̀, tí wọ́n wá fi bẹ́líìtì irin so mọ́ ilé, ló ń di ilé mú. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ ló wà nílẹ̀, kí ni ìdákọ̀ró fẹ́ dì mú?

Ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì káúńtì, ibi tí sókàwéè máa wà, máàpù FEMA (ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjálù) tó ń fi ibi tí omíyalé ń dé hàn, ọ̀nà tó fẹ̀ tó kí tírélà lè yí kọ́nà: ẹ yanjú gbogbo ẹ̀ kí ẹ tó san owó ilé.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dé ilé àǹtí, jáàkì ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká kọ́kọ́ lé omi. Wọ́n gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ojú títì, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí ìdí ilé, wọ́n gún un kó dà síta, wọ́n sì fi gọ́tà sí òrùlé. A dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí abẹ́ ilé gbẹ. Ìgbà náà ni wọ́n tó da kọnkéré tuntun fún òpó tó rì, wọ́n ta rọ́bà omi láti igun dé igun kí wọ́n lè mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀, wọ́n wá ń fi jáàkì gbé e díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ilé ń dún wìnìwìnì bó ṣe ń padà sípò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìka kan ni àǹtí fi ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn.