Bí Omi Ṣe Gbẹ́ Ihò Mammoth Cave Sábẹ́ Ilẹ̀ Kentucky

Ihò abẹ́ ilẹ̀ tó gùn jù lọ tí ènìyàn tíì wọ̀n láyé wà ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní Amẹ́ríkà. Mammoth Cave ni orúkọ rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì ti wọ̀n nínú rẹ̀ ti lé ní 670 kìlómítà. Omi òjò ló gbẹ́ ẹ.

Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 330 ọdún sẹ́yìn, òkun tí kò jìn ló bo agbègbè náà. Ìkarahun àti egungun àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ ń gorí ara wọn nísàlẹ̀ títí wọ́n fi di òkúta ẹfun. Lẹ́yìn náà ni àwọn odò kó yanrìn wá bò ó, yanrìn yẹn náà sì dì di òkúta. Ìwà àwọn òkúta méjèèjì yìí sí omi kò jọra rárá, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ihò náà wà.

Bí òjò bá ti rọ̀, tó wọ inú ilẹ̀ tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà kún, ó ń gba afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide mọ́ra, yóò sì kan díẹ̀. Kíkan náà kò tó ohun tí ahọ́n lè mọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti yọ́ òkúta ẹfun. Ibi tí òkúta bá ti là ni omi ń gbà, tí yóò máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ojú ihò tí ìka kò lè wọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò fi gba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òkúta yanrìn kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló bo òkúta ẹfun lórí bí òrùlé, tí ọ̀nà àtijọ́ kò fi wó.

Odò Green River ń jẹ ilẹ̀ sísàlẹ̀ sí i, omi abẹ́ ilẹ̀ náà sì ń tẹ̀ lé e. Bí omi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà òkè ń gbẹ, òmíràn ń là nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀nà òkè fi jẹ́ àgbà. Àwọn kan ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn ẹja tí kò lójú ń gbé, omi ṣì ń gbẹ́ ihò lọ́wọ́.

Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ibi nínú ihò náà kò ní àwọn òkúta ṣóńṣó tó ń rọ̀ láti òkè. Òrùlé yanrìn ni kò jẹ́ kí omi kán síbẹ̀. Níbi tí òrùlé náà bá ti jẹ tán, bíi apá ihò náà tí wọ́n ń pè ní Frozen Niagara, omi ń kán wọlé, carbon dioxide inú rẹ̀ ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ihò, ẹfun tó gbé wá sì ń dì mọ́ òkúta.

A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ihò yìí kí á fo Stephen Bishop, aláwọ̀ dúdú tó wà lóko ẹrú nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlejò wọ ibẹ̀ ní 1838. Ní 1842, ó ya máàpù ihò náà láti inú ìrántí rẹ̀.

Agbègbè náà di ọgbà ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1941, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1981, ṣùgbọ́n ààlà ọgbà kò dá omi dúró. Ní gúúsù, lórí ilẹ̀ oko tí òrùlé yanrìn ti jẹ tán, àwọn odò kéékèèké ń rì sínú kòtò, wọ́n sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Green River. Àwọn olùwádìí ń da aró sínú irú kòtò bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì lọ ṣọ́ ojú ìsun etí odò láti mọ ibi tí yóò ti jáde. Ọ̀nà kan náà ni epo mọ́tò àti oògùn oko tí wọ́n bá dà sínú kòtò ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹja aláìlójú náà.