Ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba kíndìnrín wọn jẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹnì kan á kú, wọn á ní: "Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, ló ba kíndìnrín wọn jẹ́. Ká ní àgbo ni wọ́n ń mu ni!"

Pé ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́, mi ò ní í tún un sọ. Èwo ló kọ́kọ́ dé ni ẹ̀ ń gbàgbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ó lè máa jẹ kíndìnrín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, kí Bàbá má mọ̀. Ìgbà tí ìtọ̀ bá ń hó, tí ẹsẹ̀ wú, ni wọ́n á tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ilé ti ń jó kí oògùn tó wọlé, ẹ wá ní oògùn ló dáná sun ún.

Lóòótọ́, lisinopril àti ramipril, oògùn ẹgbẹ́ rẹ̀, máa ń dẹ ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń sáré gba inú asẹ́ kíndìnrín. Creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń sẹ́ dànù, lè tipa bẹ́ẹ̀ gòkè díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ju 30% lọ, dókítà kì í sábà dá oògùn dúró, torí ìdẹ̀ra yẹn gan-an ló ń mú kíndìnrín pẹ́, pàápàá fún ẹni tí prótéènì ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde. Ẹni tí wọn ò ṣàlàyé èyí fún, tó wá rí èsì àyẹ̀wò, mi ò bá a wí bó bá sá.

Àgbo ńkọ́? Mi ò bú ewé. Zobo ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù níwọ̀nba. Reserpine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àtijọ́, wà nínú egbò asofẹ́yẹjẹ. Ṣùgbọ́n mélòó ló wà nínú ìgò tẹ́ ẹ rà? Alágbo ní ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Ife ta ni? Wọ́n ní kò léwu. Ta ló yẹ creatinine wò kẹ́ ẹ tó mu ún, ta ló tún un yẹ̀ wò lóṣù mẹ́ta? Ní Brussels, egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà tí àwọn obìnrin ń lò kí wọ́n lè fọn ni wọ́n ṣi Aristolochia, ewéko olóró kan, mú sí. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1993. Kíndìnrín àwọn tó lé ní 100 ló bàjẹ́.

Bóyá àgbo kan wà tí kò ṣe kíndìnrín ní nǹkan kan. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n, ká rí i. Oògùn òyìnbó náà ò mọ́ tán: ibuprofen àti diclofenac tẹ́ ẹ̀ ń rà fún ẹ̀yìn ríro lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń lò wọ́n pẹ̀lú lisinopril. Aláboyún ò gbọdọ̀ lo lisinopril rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi àgbo lé oògùn láìsọ fún dókítà, ẹ gbé ìgò náà dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ ṣàyẹ̀wò.